Ìwé Tí Wọ́n Ṣe Fún Iná

Oríṣiríṣi ìwé ló wà. Ìwé tí a ń kà wà. Ìwé tí a ń kọ nǹkan sí wà. Ìwé tí alákàrà fi ń di àkàrà fún wa náà wà. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí wọn kò ṣe fún kíkà, tí wọn kò ṣe fún kíkọ, tí wọn kò sì ṣe fún dídi ohunkóhun tí ẹnu ń jẹ. Iná ni wọ́n ṣe é fún. Òun ni ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wé tábà, kí a tó ṣáná sí i, kí a tó fa èéfín rẹ̀ sínú. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń pè é ní rísílà.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, tí ẹ ti parí Ìwé Kìíní àti Ìwé Kejì ní kíláàsì alaalẹ́ ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù, a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á bi wá pé: "Kí ló kan ẹ̀kọ́ ìwé nínú ọ̀rọ̀ tábà?" Ó kàn án o. Ìdí mẹ́ta ni a rí.

Ìdí kìíní: a ti rí ìwé kíkà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ojú ewé rẹ̀ kò pé mọ́. Ẹni tó ni ín lọ sí oko, ó fẹ́ mu tábà, kò rí ohun tó máa fi wé e, ló bá fa ojú ewé kan ya. Ẹ̀kọ́ Kẹwàá ti di eérú! Ìdí kejì: àwọn ìyá kan máa ń fọ aṣọ ọmọ wọn, wọn á bá ìwé pẹlẹbẹ kékeré kan nínú àpò rẹ̀, wọn kò sì ní mọ ohun tó jẹ́. Ìdí kẹta: ìkìlọ̀ ìjọba wà lára páálí sìgá, ṣùgbọ́n èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó ń mu ún kò lè kà á. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká jọ ka ọ̀rọ̀ ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

1. Bí tábà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn Pọtogí àti àwọn Òyìnbó mìíràn ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé etí òkun wa. Ní ìlú Bahia ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n máa ń lọ́ ewé tábà bí ẹni lọ́ okùn, wọn á fi omi dúdú tó ń jáde lára ìrèké pa á lára, wọn á sì ká a jọ. Irú tábà yìí ni wọ́n ń kó wá sí Wídà, Àgbádárìgì àti Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé pé òun wà lára ọjà tí wọ́n fi ra àwọn ènìyàn wa lẹ́rú.

Àwọn baba ńlá wa mu tábà nínú ìkòkò. Wọ́n lọ̀ ọ́ di aṣáà. Àwọn mìíràn jẹ ẹ́ lẹ́nu. Kò sí èyí tó fẹ́ ìwé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sìgá ló mú ìwé dé.

Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Oríṣiríṣi ọjà Òyìnbó ń bá a wọlé. Nígbà tó di 1933, ilé iṣẹ́ British American Tobacco dá ilé iṣẹ́ sìgá kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, láti fi dán an wò. Òṣogbo náà nìyẹn, tí a ń lọ tí a ń bọ̀ lójúmọ́! Ní 1937, wọ́n kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ sí Ìbàdàn. Ní 1951, wọ́n dá Nigerian Tobacco Company sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ló ń gbin ọ̀pọ̀ ewé náà. Ní 2003, wọ́n tún ṣí ilé iṣẹ́ ńlá tuntun ní Ìbàdàn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá.

2. Ibi tí ìwé náà ti wá

Ilẹ̀ Sípéènì àti ilẹ̀ Faransé ni iṣẹ́ ìwé sìgá ti gbilẹ̀. Ìlú kan ń jẹ́ Alcoy ní Sípéènì, tí iṣẹ́ ìwé ṣíṣe pọ̀ níbẹ̀. Ní Faransé, ìdílé Lacroix ń ṣe tiwọn. Láàárín 1853 sí 1856, ogun kan jà ní Crimea, lẹ́bàá Òkun Dúdú. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti rí àwọn ọmọ ogun Tọ́kì àti Faransé tí ń fi ìwé wé tábà. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì mú un lọ sílé. Ogun parí, sìgá kò parí.

Ní ayé ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wé gbogbo sìgá. Ní 1881, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ James Bonsack gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń wé sìgá. Ẹ̀rọ náà ń wé nǹkan bí 200 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Kí òṣìṣẹ́ kan tó fi ọwọ́ wé ìyẹn, ó lè tó wákàtí kan. Láti ìgbà náà ni sìgá ti di ohun olówó pọ́ọ́kú káàkiri ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ lẹ́tà, ẹ wo àlọ́ méjì yìí. Òyìnbó Faransé ń pe ìrẹsì ní "riz". Ìdílé Lacroix kọ "Riz", wọ́n kọ "La" tẹ̀ lé e, wọ́n sì ya àgbélébùú kékeré sí ìdí rẹ̀. Kí ló dé? Àgbélébùú ni "croix" ní èdè wọn. "La" àti àgbélébùú ń jẹ́ Lacroix, orúkọ ìdílé wọn. Bí orúkọ RizLa+ ṣe jẹ́ nìyẹn, òun ni àwọn ọmọ wa sọ di rísílà.

Èkejì rèé. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Perpignan ní Faransé, Jean Bardou lorúkọ rẹ̀. Òun náà ń ta ìwé sìgá ní nǹkan bí 1838. Ó kọ lẹ́tà J àti B sára ọjà rẹ̀, ó sì ya àmì kan tó ní igun mẹ́rin sáàárín wọn. Àwọn oníbàárà wo àmì náà, wọ́n rò pé O ni. Wọ́n kà á sí JOB. Orúkọ tí àwọn oníbàárà kà ni orúkọ tó mọ́ ọjà náà lórí títí di òní. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń kàwé lágbára!

3. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Okùn ara igi ọ̀gbọ̀, èyí tí a fi ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn. Okùn ara hẹ́ǹpù, koríko ìrẹsì tàbí igi gẹdú ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn. Wọn á gún un, wọn á pò ó mọ́ omi títí á fi rí bí ẹ̀kọ mímu. Wọn á tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn á fún omi inú rẹ̀ jáde, wọn á sì gbẹ ẹ́. Wọ́n máa ń da lúúlúú funfun kan bí ẹfun mọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Lúúlúú yìí ló ń jẹ́ kí ìwé náà funfun, òun náà ló sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba ara rẹ̀ wọlé, kó máa jó díẹ̀díẹ̀ láìkú.

Báwo ló ṣe fẹ́lẹ́ tó? Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ náà jẹ́ mítà kan. Bó bá jẹ́ irú èyí tó wà nínú ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ wa, ìwọ̀n rẹ̀ á tó nǹkan bíi gíráàmù 60. Bó bá jẹ́ ìwé sìgá, kò ju gíráàmù 12 sí 25 lọ. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ lé orí ọ̀rọ̀, ẹ ó ṣì máa ka ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ rẹ̀.

Ìwé Bíbélì náà fẹ́lẹ́, kí Bíbélì má baà nípọn jù. Ìdílé Bolloré ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé ní 1822, ṣe ìwé Bíbélì, wọ́n sì ṣe ìwé sìgá. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ wọn ń bójú tó ẹrù ní ọ̀pọ̀ èbúté Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Èkó náà kò gbẹ́yìn, títí wọ́n fi ta iṣẹ́ náà ní 2022.

Ẹ tún wo etí ìwé náà. Ìlà gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀. Bí a bá fi ahọ́n kàn án, á lẹ̀, bíi sítáǹpù lẹ́tà ayé ọjọ́un. Lára ọ̀pọ̀ ìwé sìgá, oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni gọ́ọ̀mù yìí. Igi náà ń hù níbi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní Sudan, ní Chad, àti ní orílẹ̀-èdè tiwa, ní ìpínlẹ̀ Borno, Yobe àti Jigawa. Ƙaro ni àwọn Hausa ń pè é. Wọ́n ń lò ó nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti nínú òògùn pẹ̀lú. Oje náà kò ṣe ibi. Ibi tí a lò ó sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Wọn á wá gé ìwé náà kéékèèké. Èyí tó kéré gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 70. Wọn á ká 32 tàbí 50 jọ sínú páálí pẹlẹbẹ kan, ọ̀kan á wọnú èkejì, tó fi jẹ́ pé bí a bá fa ọ̀kan yọ, èkejì á yọjú. Ìwé kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.

4. Àwọn ìwé mìíràn tí à ń fi wé tábà

Àwọn kan á ní, "Èmi ò ra rísílà, ìwé ìròyìn ni mo fi ń wé tèmi." Òmíràn á lo ìwé ìkọ̀wé ọmọ. Òmíràn á ya ara àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ gbọ́ o. Íńkì ìwé ìròyìn, ojú ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ṣe é fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìwé tó ń dán ní amọ̀ lára. Àpò sìmẹ́ǹtì ní eruku sìmẹ́ǹtì. Ìwé ìkọ̀wé nípọn, èéfín rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tó bá wà lára ìwé, a óò fà á sínú.

Ṣé kí a wá máa ra rísílà ni? A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé sìgá náà ń jó, èéfín rẹ̀ náà ń wọ inú. Bí a bá sì mú ìwé kúrò pátápátá, ewé tábà fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun sì ni bàbá ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sìgá tí wọ́n fi ọwọ́ wé sàn ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ní ohun tí yóò sẹ́ èéfín ní ìdí.

5. Ohun tí èéfín ń ṣe nínú ara

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní ni nikotín. Òun ló ń so ènìyàn mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan lọ́sẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó di márùn-ún lóòjọ́. Èkejì ni ọ̀dà. Ẹ wo inú ìkòkò tábà àgbàlagbà kan, ẹ ó rí i bó ṣe dúdú tó. Irú rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Òun náà ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀, tó ń pa odidi ìdílé mọ́nú yàrá nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. Ti sìgá kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ní 1950, àwọn olùwádìí méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Doll àti Bradford Hill, tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé sìgá àti àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń rìn pọ̀. Ní 1964, olórí àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà sọ ohun kan náà fún gbogbo ayé. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tábà ń pa ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 7 lọ lọ́dọọdún. Lára wọn ni àwọn tí kò mu ún rí, tí wọ́n kàn ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ilé. Ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀. Tábà tún ń ṣí ilẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ.

6. Rísílà nínú àpò ọmọ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Sìgá tí wọ́n ti wé tán pọ̀ lọ́jà. Kí wá ni ọ̀dọ́ ń fi rísílà ṣe? Kì í ṣe gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, igbó ló fẹ́ fi wé. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Kọ̀lọ̀rádò, ewé tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ́n. Ìyẹn burú jáì. Ó lè da orí ọmọ rú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìjọba ológun ṣe òfin pàtó lórí igbó ní 1966, ìjọba sì dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989 láti máa gbógun ti oògùn olóró. Ọmọ tí wọ́n bá mú lè bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Bí ẹ bá rí páálí pẹlẹbẹ náà, ẹ má ṣe kígbe kí àdúgbò gbọ́. Ẹ má sì ṣe ju ú nù kí ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ pe ọmọ náà jókòó ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó fún un, àti ohun tó ń dùn ún lọ́kàn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára yín lọ, ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

7. Ohun tí òfin wí

Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí tábà. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ó tún sọ pé a kò gbọ́dọ̀ tú sìgá tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ibùdókọ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ ọjà wa, a ṣì ń rí i pé wọ́n ń ta ẹyọ kan fún ẹni tó bá ní owó ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ má rán ọmọ yín ra sìgá, ẹ má sì tà á fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìkìlọ̀ kan wà tó gbajúmọ̀ lára páálí sìgá ilẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká kọ ìtumọ̀ rẹ̀ síbí ní Yorùbá, kí olúkúlùkù lè kà á: "Ilé Iṣẹ́ Ìlera Ìjọba Àpapọ̀ ń kìlọ̀ pé àwọn tó ń mu sìgá lè kú láìdàgbà." Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

8. Ìṣirò

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ẹyọ sìgá kan jẹ́ 100 náírà, ọkùnrin kan sì ń mu márùn-ún lóòjọ́. 100 lọ́nà 5 jẹ́ 500 náírà. Ọdún kan jẹ́ ọjọ́ 365. 500 lọ́nà 365 jẹ́ 182,500 náírà. Ẹ bi ara yín pé kí ni owó yẹn lè ṣe nínú ilé. Bàtà ilé ìwé ńkọ́? Ajílẹ̀ oko ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ló di eérú lọ́dún kan.

9. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́

Kò rọrùn, a ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn a máa dárí jì í. Láàárín wákàtí 12 tí ènìyàn bá jáwọ́, afẹ́fẹ́ olóró yẹn á ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá pé ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá fà á ti dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ yan ọjọ́ kan. Ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ kó ṣáná àti ìwé kúrò nílé. Bí ó bá ń wù yín, ẹ mu omi, ẹ fi obì tàbí orógbó sẹ́nu, ẹ rìn díẹ̀, á kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ní Nàìjíríà.

Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, kíkà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ kà á tán, kí ẹ yá aládùúgbò yín kó kà á. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ojú ewé kan wá láti fi wé tábà, ẹ sọ fún wọn pé: "Rárá o, ojú ewé yìí ṣì ní iṣẹ́ tó ń ṣe."

Ìbéèrè

1. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni àwọn baba ńlá wa ń gbà lo tábà láìlo ìwé?
2. Ìlú wo nítòsí wa ni wọ́n kọ́kọ́ dá ilé iṣẹ́ sìgá kékeré sílẹ̀ sí ní 1933?
3. Kí ló dé tí ìwé ìròyìn kò dára láti fi wé tábà?
4. Bí ẹni kan bá ń mu sìgá mẹ́ta lóòjọ́ ní 100 náírà ẹyọ kan, èló ló ń ná ní ọgbọ̀n ọjọ́?
5. Kí ni ẹ ó ṣe bí ẹ bá rí rísílà nínú àpò ọmọ yín?